Bí A Ṣe Ń Ra Idà Ìmọ́lẹ̀ Tó Lè Fara Da Ìjà, àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Jà

Ohun kan náà ni mo máa ń rí lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí eré yìí. Wọ́n á ra idà ìmọ́lẹ̀, irú èyí tí a mọ̀ nínú fíìmù Star Wars, wọ́n á gbé e wá síbi ìdánrawò pẹ̀lú ìdùnnú, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí padà bí òṣùmàrè, ohùn rẹ̀ á máa kùn bí oyin. Kó tó di pé wọ́n fi lu idà ẹlòmíràn nígbà mẹ́wàá, ìdajì ọ̀pá rẹ̀ á ti ṣókùnkùn. Kì í ṣe pé ẹni tó tà á fún wọn rẹ́ wọn jẹ. Ojú ni wọ́n fi rà á, wọn kò bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi idà náà jà ní tòótọ́, tí kò sì fẹ́ ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Nínú gbogbo àlàyé tó ń bọ̀, èèkù ni mo pe ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ọ̀pá sì ni mo pe ike gígùn tó ń tàn.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Idà kan tí iná rẹ̀ wà nínú èèkù, kì í ṣe nínú ọ̀pá (mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ìpele kìíní).
- Ọ̀pá kan sí i, nítorí ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá là.
- Bátìrì méjì àti ṣájà tó bá wọn mu, àyàfi bí a bá ń gba agbára sí idà náà lára fúnra rẹ̀.
- Kọ́kọ́rọ́ kékeré olójú mẹ́fà tí a fi ń dé síkúrù tó ń di ọ̀pá mú nínú èèkù. Ó sábà máa ń bá idà wá, ó sì sábà máa ń sọnù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.
- Ìbòjú onírin ti àwọn eléré idà, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ààbò ọrùn, ààbò ìgúnpá àti ti orúnkún, àti ààbò abẹ́ fún àwọn ọkùnrin.
- Téèpù tí a lè fi sàmì sílẹ̀, àti ilẹ̀ tó tẹ́jú tí àjà rẹ̀ ga.
- Ẹnì kejì tó ní sùúrù.

Ìpele kìíní: Ẹ pinnu ohun tí idà náà wà fún kí ẹ tó wo àwòrán kankan

Oríṣi méjì ló kún ọjà. Nínú ti àkọ́kọ́, iná LED tó lágbára ni wọ́n fi sínú èèkù, òun ló ń ta ìmọ́lẹ̀ gba inú ọ̀pá tó ṣófo kọjá. Ọ̀pá yẹn kò ju ike lásán lọ, pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀ tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Nínú ti èkejì, tí àwọn olùtajà ń pè ní pixel, okùn iná kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ọ̀pá fúnra rẹ̀. Òun ló rẹwà jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rìn láti ìdí lọ sí orí bí ẹ bá tàn án, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú fíìmù.

Ẹwà yẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn iná kéékèèké wọ̀nyí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ara wọn ni: ti ìsàlẹ̀ ń sọ fún èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà ń sọ fún èyí tó wà lókè rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ogún bá tò tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan sétí ara wọn. Bí ọ̀kan bá kú láàárín nítorí ìlù, gbogbo àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, wọn yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ kò lè tún un ṣe ní pápá. Odindi ọ̀pá ni ẹ ó pààrọ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀. Bí ọ̀pá oríṣi àkọ́kọ́ bá là, ike ṣófo ni ẹ ó rà, iná yín wà láìléwu nínú èèkù.

Àwọn kan wà tó ń fi pixel jà, ọ̀pá wọn nípọn, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń dá agbára ọwọ́ dúró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì mọ èyí. Kí ó ra èyí tó lè forí ti àṣìṣe rẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí:* ẹ lè sọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo bóyá idà náà wà fún ìjà tàbí fún ara ògiri. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ «fún méjèèjì», ẹ tún un rò.

Ìpele kejì: Ẹ ka ìwọ̀n, ẹ fi àwòrán sílẹ̀

«Ó yẹ fún ìjà» jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ná olùtajà ní kọ́bọ̀. Ìwọ̀n ni kí ẹ wá, bí kò bá sì kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ bi í. Àwọn ohun tí mo máa ń bèèrè nìyí.

Èkíní ni irú ike tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá. Polycarbonate ni kó jẹ́. Ike mìíràn wà tó ń jẹ́ acrylic, tó mọ́ gaara, tí owó rẹ̀ sì kéré. Bí a bá fi nǹkan lù ú, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí dígí, àfọ́kù rẹ̀ sì mú. Polycarbonate máa ń tẹ̀, ó sì máa ń là kó tó ya. Ẹ má ra ọ̀pá tí olùtajà rẹ̀ kò lè dárúkọ ike tí wọ́n fi ṣe é.

Èkejì ni fífẹ̀ àti nínípọn. Ọ̀pá tó wọ́pọ̀ jù fún ìjà fẹ̀ ní ínṣì 1, ìyẹn mìlímítà 25.4. Nínípọn ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 2 tàbí 3. Ẹni púpọ̀ ló rò pé 3 ló dára jù nítorí pé ó pẹ́. Òótọ́ ni pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo sí iwájú, ó ń dun ẹni tó bá bà, ó sì ń rẹ ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣeré kò bá wọ ìhámọ́ra tó pọ̀, 2 ni kí ẹ mú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó rà, nítorí pé ẹgbẹ́ mìíràn kì í gba 3 wọlé rárá.

Ní ti gígùn, ínṣì 32 sí 36 ni àgbàlagbà sábà máa ń lò. Ẹ má fi gígùn ṣe fáàrí. Ọ̀pá tó gùn jù máa ń pẹ́ kó tó padà sí ipò ààbò.

Lẹ́yìn náà ni èèkù. Álúmíníọ́mù ni kó jẹ́, kó má ní ìwo, kó má ní etí tó mú, kí bọ́tìnnì rẹ̀ sì rì sínú díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ yín má baà máa pa iná láàárín ìjà. Ní ti ohùn, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bátìrì: ṣé ó ṣeé yọ? Èyí tí wọ́n jó mọ́ inú èèkù máa sọ idà yín di igi lásán lọ́jọ́ tí ó bá kú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 18650, nọ́ńbà tó ń sọ ìwọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, 65 ní gígùn. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ iná tọ́ọ̀ṣì tí a ń gba agbára sí nílé. Ẹ ṣọ́ra o: èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ 9900 mAh (iye agbára tó lè kó pamọ́) sí lára, irọ́ ni, nítorí pé ojúlówó kì í ju nǹkan bíi 4000 lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé idà láti London tàbí Houston lọ sílé nínú ọkọ̀ òfuurufú, kó yọ bátìrì kúrò, kó fi téèpù bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kó sì fi í sínú àpò tí yóò gbé lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀, nítorí pé a kì í jẹ́ kí bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀. Ẹrù ìsàlẹ̀ ni kí èèkù àti ọ̀pá wà. Bí èèkù bá gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá nínú àpò ọwọ́, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣàlàyé tán.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti kọ irú ike, fífẹ̀, nínípọn, gígùn àti irú bátìrì sílẹ̀ láti ẹnu olùtajà kí ẹ tó sanwó.

Ìpele kẹta: Nígbà tí idà bá dé

Ẹ gba agbára sí bátìrì títí tí yóò fi kún. Bí ẹ bá ní mítà tí a fi ń wọn iná, volt 4.2 ni yóò fi hàn. Ẹ má jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ju 3 lọ, ẹ má sì fi í sórí ṣájà kí ẹ lọ sùn.

Ẹ wá ti ọ̀pá bọ inú èèkù títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀pá tí kò kan ìsàlẹ̀ yóò dà bíi pé ó dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n síkúrù nìkan ló ń gbé e, ìlù àkọ́kọ́ tó lágbára yóò sì là á níbi tí síkúrù ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kan ìsàlẹ̀, ẹ dé síkúrù náà títí yóò fi fọwọ́ kan ike, kí ẹ tún yí i ní ìdámẹ́rin ìyípo kan. Kí ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dé e yóò lu ọ̀pá náà ní ihò.

Ìkìlọ̀ kan tó ti ná mi ní ọ̀pá méjì: ẹ má fi gọ́ọ̀mù olómi tí àwọn mẹkáníìkì ń ta sí síkúrù kí ó má baà tú kan síkúrù yìí. Oògùn inú rẹ̀ máa ń jẹ polycarbonate, á sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára bíi ti ìkòkò tó sán. Acetone tí a fi ń nu èékánná náà ń bà á jẹ́. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ máa fi nù ún.

*Àyẹ̀wò:* ẹ di èèkù mú, ẹ fa ọ̀pá pẹ̀lú ọwọ́ kejì bí ẹni ń fa iṣu yọ. Kò gbọdọ̀ rìn. Ẹ mi idà náà létí yín. Kò gbọdọ̀ dún gbọgbọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fì í nínú afẹ́fẹ́ nígbà ogún, kí ẹ tún síkúrù wò. Bó bá ti tú, ẹ tún un dé, ẹ sì sọ ọ́ di àṣà láti wò ó kí ìjà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tó fò jáde láti inú èèkù kì í bi ẹni tí yóò bà.

Ìpele kẹrin: Ìhámọ́ra

Ike ni ọ̀pá, ṣùgbọ́n ojú kò mọ̀ pé ike ni. Ìbòjú àwọn eléré idà, tí a fi wáyà irin hun níwájú, ni kí ẹ rà. 350 newton (ìwọ̀n agbára tí kò lè gún un wọlé) ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń kọ sí i lára, ó sì tó fún eré yìí. Nítorí pé idà yìí máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ẹ wá èyí tó ní ààbò fún ẹ̀yìn orí, tàbí kí ẹ ra ààbò náà lọ́tọ̀. Gíláàsì ojú àwọn káfíńtà kò tó. Àṣíborí ọ̀kadà bo orí, ṣùgbọ́n ó ń dí ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wúwo lọ́rùn.

Ọwọ́ ni wọ́n máa ń bà jù lọ, àtàǹpàkò ni ó sì máa ń gba èyí tó burú jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí a fi ń wa kẹ̀kẹ́, mo rò pé ó tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè dé bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ìbọ̀wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lacrosse (eré tí a ń fi ọ̀pá onínẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù), tó ní tìmùtìmù lórí ìka kọ̀ọ̀kan, ni mo ń lò báyìí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọ gbogbo rẹ̀, ẹ mi orí síwá sẹ́yìn. Ìbòjú kò gbọdọ̀ yí. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Kò gbọdọ̀ sí awọ ọrùn tó hàn láàárín ìbòjú àti ààbò ọrùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì idà yín pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, inú ilé ni kí ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìpele karùn-ún: Dídi èèkù mú, ìdúró àti àyè

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ èèkù.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun ló máa wà lókè, nítòsí ọ̀pá; ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀, àyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọwọ́ òkè ń darí, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń tì, ó sì ń fà. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń di ọwọ́ ọmọ kékeré mú lójú títì: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ dùn ún. Ẹni tó bá fún un pa kò ní lè dá idà dúró nígbà tó yẹ.

Ẹsẹ̀ kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, orúnkún méjèèjì rọ̀ díẹ̀. Orí ọ̀pá kọjú sí ìbòjú ẹnì kejì, èèkù sì wà ní ìwọ̀n ìdodo yín. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kò jìn sí ibikíbi tí ìlù bá ti lè wá.

Àyè ni ohun tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í kà sí. Wọ́n á sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èèkù ni wọ́n á fi máa lu ara wọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ na apá àti idà tán sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì láìgbé ẹsẹ̀. Orí ọ̀pá yín kò gbọdọ̀ kan ìbòjú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbọdọ̀ kàn án. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ni àyè yín. Ẹ fi téèpù sàmì sí i fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìpele kẹfà: Ìlù àti ìdènà

Ohun tó ń ba ìjà àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ jù ni pé idà ni wọ́n ń lù, wọn kì í lu ènìyàn. Fíìmù ló kọ́ wọn. Àwọn òṣèré ti mọ gbogbo ìlù tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń na ọ̀pá mọ́ ọ̀pá kó lè dára lójú wa. Inú èmi náà dùn nígbà tí mo rí John Boyega, òṣèré ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Peckham ní London, tó di irú idà bẹ́ẹ̀ mú nínú fíìmù Star Wars ti ọdún 2015, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jà bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ẹ ti ń wá idà rẹ̀ kiri ni yóò ti fi í kàn yín léjìká. Ibi tí ẹ fẹ́ bà ni kí ojú yín àti ọ̀pá yín lọ: orí, èjìká, ìhà, itan. Bí idà rẹ̀ bá wà lọ́nà, òun ló gbé e síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìlù tó dára ní apá mẹ́ta: ẹ gbé idà sẹ́yìn, ẹ jù ú, ẹ dá a dúró. Apá kẹta ni ọ̀pọ̀ kò kọ́. Bí ọ̀pá bá ti fẹ́ kan ara, ẹ fún ọwọ́ mọ́ èèkù, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ fà á padà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ á jẹ́ «pá», kò ní jẹ́ «gbì». Kí ẹ tó fi lu ẹnikẹ́ni, ẹ fi lu itan ara yín pẹ̀lú agbára tí ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ bá ṣẹ́jú, agbára náà ti pọ̀ jù.

Ní ti ìdènà, ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀pá tó sún mọ́ èèkù ni kí ẹ fi gba ìlù, ẹ má fi orí ọ̀pá gbà á. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn níbi tó sún mọ́ ìsopọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé kì í fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù tó bá bà nítòsí ọwọ́ yín kò ní lè gbé idà yín kúrò lójú ọ̀nà. Èyí tí ẹ bá fi orí ọ̀pá gbà yóò wọlé wá bíi pé kò sí ìdènà kankan. Ẹ má sì ju idà jìnnà láti lọ pàdé ìlù. Ẹ sún un ní ìwọ̀n tó máa bo ara yín, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ọ̀nà yìí dánra wò: ẹnì kan ń lù, ẹnì kejì ń dènà, kí eré méjèèjì lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rìn nínú omi tó dé ìbàdí. Ẹni tó bá yára láti bọ́ nínú ìlù tó mọ̀ pé ó ti bà á ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì dára ju ọjọ́ Sátidé kan tí ẹ fi gbogbo ọ̀sán jà lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹnì kejì lu yín ní ibi mẹ́fà láìsọ èyí tó ń bọ̀, ẹ sì dènà mẹ́rin ó kéré tán láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lójú àmì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìlù yín dùn ún. Bó bá ní rárá, tí ó sì mọ ibi tí gbogbo wọn ti bà á, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìpele keje: Ìjà àkọ́kọ́ yín, pẹ̀lú òfin

Ìjà tí kò ní òfin máa ń di ìbínú ní ìṣẹ́jú kẹta. Òfin tí mo fara mọ́ jù ni èyí tí wọ́n lò nígbà ìdíje ilẹ̀ Faransé ní Beaumont-sur-Oise, lápá àríwá Paris, ní oṣù Kejì ọdún 2019, nítorí pé ó rọrùn láti rántí. Inú róbótó tí a fi téèpù sàmì sílẹ̀ ni ẹni méjì ti ń jà. Ìlù tó bà orí tàbí ara jẹ́ àmì 5; apá tàbí ẹsẹ̀ jẹ́ 3; ọwọ́ jẹ́ 1. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 15 ló borí. Bí kò bá sí, ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 ni. Bí àwọn méjèèjì bá dé 10, ẹni tó bá kọ́kọ́ bà orí tàbí ara ẹnì kejì ni ó gbà á.

Òfin kan kù tó ṣe pàtàkì ju àmì lọ: kí ìlù tó kà, orí idà gbọdọ̀ kọ́kọ́ kọjú sẹ́yìn. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi orí ọ̀pá tọ ẹnì kejì wìnnìwìnnì bí ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo, òun ló sì fún ẹnì kejì láyè láti rí ohun tó ń bọ̀. Nílé, èmi kì í gba kí a fi orí ọ̀pá gún ẹnikẹ́ni rárá, nítorí ọ̀nà ọ̀fun.

Bí ẹ kò bá ní olùdarí, ẹni tí wọ́n bà ni kó máa jẹ́wọ́: kó gbé ọwọ́ kan sókè, kó sọ ibi tí wọ́n ti bà á. Bí ẹ bá ba ara yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ka a, ẹ padà sí àyè yín. Ẹ tún fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tó máa dá ìjà dúró; «ó tó» ni a ń lò, ẹnikẹ́ni ló sì lè pè é, títí kan ẹni tó ń wòran.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, ẹ̀yin méjèèjì mọ iye àmì tí olúkúlùkù ní láìjiyàn.

Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ tan idà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́ là máa ń tàn ju ibòmíràn lọ, bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá nítòsí síkúrù. Bí ẹ bá rí ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ yọ bátìrì, ẹ nu òógùn kúrò lára èèkù, kí ẹ sì fi idà sínú àpò kí ẹ tó jáde sójú pópó, nítorí pé lókèèrè, lójú ọlọ́pàá tí kò mọ eré yìí, èèkù irin lọ́wọ́ ènìyàn kò jọ ohun ìṣeré.